Ẹranko Aláìlórúkọ Nínú Ìwé Ìsìnkú Bàbá

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo rí i. Wọ́n ti mú iná lọ, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ló kù nínú yàrá. Mo ń ka orúkọ àwọn tí Bàbá, ìyẹn bàbá oníbàárà wa kan, fi sílẹ̀ sáyé lọ, kíkà ìkẹyìn kí iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Lókè ojú ìwé náà lápá ọ̀tún, níbi tí Google máa ń to àwọn tó ń bá ọ ka ìwé pọ̀ sí, ẹranko mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀: Anonymous Camel, Anonymous Hyena, Anonymous Capybara. Ràkúnmí, ìkookò, àti ẹranko kan tí mo ní láti lọ wá kiri kí n tó mọ̀ pé Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó jọ òyà tó jẹun yó.

Ràkúnmí kò ṣe nǹkan kan. Ìkookò ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, bí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀. Capybara ló lọ dúró sí ìdí orúkọ ìyàwó kejì. Ọ̀pá tín-ín-rín kan, aláwọ̀ elésè-àlùkò, ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Lẹ́tà ìkẹyìn lọ. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ wọ́n bọ̀ bí ẹni ń họ àgbàdo láti ìdí, títí orúkọ Ìyá Kékeré fi tán. Ó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ó jẹ orúkọ àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, "àti", ó dá dúró síbẹ̀ bí èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú títì. Ọ̀pá yẹn sún sẹ́yìn, ó dúró díẹ̀, ó padà wá, ó pa "àti" náà rẹ́, ó sì fi àmì ìdánudúró síbẹ̀.

Ẹni yòówù kó jẹ́, ó kàwé.

Ẹni mẹ́ta ni wá nínú iṣẹ́ yìí, ní Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìrántí, ìwé ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, ohun tí a ń ṣe jẹun nìyẹn. Ẹnì kan ń to ojú ìwé, ẹnì kan ń bá àwọn atẹ̀wé fà á, ní Mọ́kọ́lá níbí tàbí ní Ṣómólú l'Ékòó nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Èmi ni mo ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, èmi náà ni mo ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Láàárín àwa mẹ́ta, fódà tí a ń kó iṣẹ́ wa sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò fa wàhálà rí. Bí ẹnì kan bá ba nǹkan jẹ́, a ó pariwo lé e lórí, a ó sì jọ jẹ àmàlà lọ́sàn-án. Ará ìta ni ìṣòro. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wa kò lè ṣe kí ará ìta má wọlé, torí ẹbí ló lòkú, onífọ́tò ló ni àwòrán, atẹ̀wé ló ni ẹ̀rọ.

Ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ Bàbá yìí. Àkọ́bí wọn ọkùnrin, ọmọ ìyá àgbà, ló gbé iṣẹ́ wá. Èèyàn dáadáa ni, ó san ìdajì owó lọ́jọ́ kìn-ín-ní láìjẹ́ pé a rán an létí, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ lágbo wa. Nígbà tí ìtàn ìgbésí ayé parí tí mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Ẹ ṣí i fún gbogbo wa. Ọ̀kan ni wá." Ẹbí tó bá ń sọ pé ọ̀kan làwọn kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n, ó yẹ kí ara ti fu mí.

Tí o bá fẹ́ fún ará ìta ní ọ̀nà sínú fódà tàbí ìwé lórí Google Drive, ìbéèrè méjì ló máa ń bi ọ́. Ta ni? Kí ló lè ṣe? Fún ti àkọ́kọ́, o lè kọ ímeèlì wọn níkọ̀ọ̀kan, o sì lè yan "Anyone with the link", èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tí línkì náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ ti di ọmọ ilé. Fún ìkejì, Viewer kàn ń wò ni, Commenter lè kọ èrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, Editor lè fọwọ́ kan ohun gbogbo. Kódà Editor lè mú àlejò tirẹ̀ wọlé, àfi tí o bá lọ sínú sẹ́tíǹgì lọ gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Wò ó, irú ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa pé a kì í bi àgbà nìwọ̀nyí. Àgbà kan ilẹ̀kùn, o ní, "Ta ni yín? Kí lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn? Ìgbà wo lẹ máa lọ?" Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ jókòó, ẹ mu omi, òun la mọ̀. Ọwọ́ mi wà lórí àpótí kékeré yẹn, mo ń ro bí màá ṣe sọ fún ọkùnrin ọlọ́dún méjìléláàádọ́ta pé kó fún mi ní ímeèlì àwọn tó yẹ kó rí ìtàn bàbá rẹ̀, kó sì yọ àwọn tí kò yẹ kúrò. Ojú tì mí. Mo yan "Anyone with the link", mo yan Editor, mo fi línkì ránṣẹ́. Wọ́n jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí, èrò tó lé ní ọgọ́rin. Ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àna wà níbẹ̀, obìnrin tó ń gbowó aṣọ ẹbí náà wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọlé bí ẹranko. Ẹni tí o kò fi orúkọ pè, Google náà kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ọ.

Mo ṣí Version history, níbi tí Google ń kọ gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe sínú ìwé sí. Ó dára lọ́wọ́ kan, torí kò sí ohun tí wọ́n parẹ́ níbẹ̀ tí kò sí lákọsílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ ẹni tó ṣe é yẹ kó wà, "All anonymous users" ni wọ́n kọ, ràkúnmí, ìkookò àti òyà, gbogbo wọn nínú ìkòkò kan. Mo dá orúkọ Ìyá Kékeré padà, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí láago márùn-ún, orúkọ náà kò tún sí mọ́. Mo dá a padà, mo sì yí gbogbo èrò gúrúùpù náà sí Viewer.

Ìpè àkọ́bí Bàbá wọlé kí n tó bọ́jú.

"Wọ́n ní ẹ ti ìwé yẹn pa."

"Rárá sà, mi ò tì í pa. Ẹ ṣì lè kà á láti òkè délẹ̀. Wọn ò kàn ní lè tẹ nǹkan sí i ni."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ìwọ ni wàá wá ti ilẹ̀kùn ilé bàbá mi mọ́ mi?"

Láti ìgbà tí a ti ń bọ̀, "ẹ" ni ọkùnrin yìí ń pè mí, nítorí iṣẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ "ìwọ", mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo sì mọ̀ pé kò sí àlàyé Viewer àti Editor tó lè wọ etí wọn lọ́jọ́ yẹn, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bá mi sọ.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ímeèlì mọ́kàndínlógún ló ti wọlé, gbogbo wọn ń tọrọ àyè láti tún ìwé náà ṣe. Àwọn orúkọ ímeèlì náà nìyí: ẹnì kan fi orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan pọ̀ mọ́ ọdún tí wọ́n bí i, ẹnì kan kọ "blessed" pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà, òmíràn jẹ́ ímeèlì ilé ìtajà ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọmọ ta ni ta? Inú ìyá wo ni wọ́n ti jáde? Mo jókòó síbẹ̀ bí adènà tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé tí kò mọ ẹnì kan nínú rẹ̀.

Àbúrò olóògbé ló là á. Bàbá náà ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, fóònù onítẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọn kò mọ fódà yàtọ̀ sí ti bébà. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní, "Ìdí mélòó ni ilé náà?" Mo ní méjì ni sà. "Pe ẹnì kan ní ìdí kọ̀ọ̀kan, kí o sì pe orúkọ wọn sójú àwọn yòókù." Wọ́n sì pa fóònù. Fún bíi ìṣẹ́jú kan mo kàn ń wo fóònù ni. Ìdí-igi ni bàbá yìí ń sọ o!

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń pín ogún mọ̀ ọ́n. Ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìdí kan, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ìpín kan náà, ì báà jẹ́ ọmọ kan tàbí ọmọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Orí-òjorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dá gba tirẹ̀. Ẹjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin tí àwọn lọ́yà ń kà ní yunifásítì ni ti Dawodu àti Danmole, nípa ogún ọkùnrin kan l'Ékòó tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n pín in ní orí-òjorí. Federal Supreme Court yí i padà ní 1958, ó sì di ọdún 1962 kí Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn nígbà náà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àfi tí aáwọ̀ bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé orí-òjorí ló máa mú un rọlẹ̀.

Ní tèmi, línkì tí mo tú sílẹ̀ yẹn kò tilẹ̀ dé orí-òjorí. Ní orí-òjorí, ó kéré tán o gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ.

Mo pe àkọ́bí wọn, mo pe àkọ́bí Ìyá Kékeré, obìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, mo gba ímeèlì méjèèjì, mo fi wọ́n ṣe Editor lórúkọ wọn, fún ìwé náà àti fódà rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù bí bàbá ṣe ní kí n ṣe, pé lágbájá ló dúró fún ibí, tàmẹ̀dù ló dúró fún ibẹ̀. Mọ́kàndínlógún yẹn, mi ò dáhùn ọ̀kan. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ tí ìwé jáde, kò sí ẹni tó pa orúkọ kankan rẹ́. Ìjà tí wọ́n jà lórí ta ni kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú, orí fóònù ni wọ́n ti jà á, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìyẹn kò kàn mí.

Ẹ má rò pé mo ti gbọ́n látìgbà náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wà nígbà tí oníbàárà kan ní kí n fi fódà tiwọn ránṣẹ́. Mo tẹ fódà, mo kọ ímeèlì, mo fi ránṣẹ́. Fódà tí mo tẹ̀ ni "IṢẸ́ 2023", ìyá gbogbo fódà. Tí o bá ṣí fódà fún èèyàn, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣí fún un, àti fódà inú fódà, àti èyí tí o máa jù síbẹ̀ lóṣù mẹ́ta òní tí o kò tíì rò ó. Oníbàárà náà pè mí lálẹ́, ohùn wọn tutù bí omi àmù. "Ẹ ṣeun o. Mo rí i pé ₦120,000 lẹ gbà lọ́wọ́ àwọn kan fún ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Tiwa ṣe wá jẹ́ ₦160,000?" Mo ní owó bébà ti gbówó lórí, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́?

Ti owó kò dùn mí tó ti àwòrán. Nínú fódà ẹbí míràn, fọ́tò kan wà tí wọ́n ya ìyá wọn sí lórí ibùsùn ọsibítù, pẹ̀lú rọ́bà nímú. Wọ́n ṣèèṣì fi ránṣẹ́ mọ́ àwọn yòókù ni, wọ́n ti bẹ̀ wá pé ká pa á rẹ́, a sì ti sọ pé a ti pa á rẹ́. A kò pa á rẹ́. Odindi wákàtí mẹ́rin ni àjèjì kan fi ní ọ̀nà sí i. Oṣù kẹfà ọdún 2023 yẹn gan-an ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, òfin tó ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ju àwọn yòókù lọ. Mo pe ọmọ ìyá náà, mo jẹ́wọ́. Ó ní kò burú. Kò gbé iṣẹ́ ìrántí ọdún kan wá fún wa, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bi í léèrè.

Ará ìta sì lè di ẹrù tìrẹ mú, láìmọ̀. Onífọ́tò kan ju àwòrán igba ó lé sínú fódà wa. A rò pé tiwa ti ni, níwọ̀n ìgbà tó ti wà nínú fódà wa. Rárá o. Lórí Drive lásán, ẹni tó gbé fáìlì wọlé ló ni ín, inú GB 15 ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ló sì ń jẹ, àyè kan náà tí Gmail rẹ̀ àti Google Photos rẹ̀ ń jẹ. Àyè onífọ́tò wa kún, ó gbá gbogbo nǹkan dànù, ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá, ohun tó wà nínú garawa ìdọ̀tí rẹ̀ náà sì pòórá. Nígbà tí ẹbí dé fún ìwé ìrántí, fódà wa ṣófo bí igbá oníbárà tí kò rí ṣe. Ti Dropbox, ibòmíràn tí èèyàn ń kó fáìlì sí bíi Drive, yàtọ̀, fódà tí ẹ bá jọ ń lò níbẹ̀ ń jẹ àyè olúkúlùkù yín, ti ọ̀fẹ́ kò sì ju GB 2 lọ. Nísinsìnyí, bí onífọ́tò bá ti gbé nǹkan wọlé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ó ti ṣe ẹ̀dà tiwa. Iléeṣẹ́ tó bá ń sanwó Workspace, ìyẹn ti Google fún iléeṣẹ́, lè ní shared drive, níbi tí fáìlì ti jẹ́ ti iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwa náà ti ń sanwó báyìí, pẹ̀lú ìráhùn.

Àwọsánmà ni wọ́n ń pe ibi tí àwọn fáìlì yìí ń gbé, orúkọ yẹn sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Thursday, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, íntánẹ́ẹ̀tì ìdajì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì dákú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni atẹ̀wé wa ní Ṣómólú yẹ kó fa fódà ìsìnkú ọjọ́ Sátidé. Línkì ò ṣí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí fílàṣì, mo wé e sínú lẹ́tà, mo gbé e fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Ìwó Road, mo fún un ní owó àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á ní Ọ̀jọ́ta. Odindi ìtàn ìdílé kan wà nínú àpò ṣòkòtò ọkùnrin tí mi ò rí rí. Kò bi mí bóyá Viewer ni òun tàbí Editor. Ó dé láago mẹ́rin.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò pọ̀. Fódà méjì ni mo ń dá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti inú ilé àti ti ìta, ti ìta kì í sì í gbé inú ti ilé. Orúkọ ni mo fi ń pè wọ́n wọlé, mi ò jẹ́ fi línkì pè wọ́n. Ojú ṣì ń tì mí láti béèrè, nítorí náà mo ti wá gbólóhùn kan: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni kí n bá sọ̀rọ̀ ní ìdí kọ̀ọ̀kan?" Kò sẹ́ni tó tíì bínú sí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí kí ẹnì kan bi wọ́n.

Yíyọ orúkọ kúrò ló ṣòro. Wọ́n ti sin òkú tán, wọ́n ti jẹun tán, o wá ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó àga kúrò lábẹ́ àtíbàbà tí àlejò ṣì jókòó. Mo máa ń sún un síwájú. Oṣù tó kọjá ni mo fi odindi Sátidé ṣe é, láti fódà 2021 bọ̀. Mo yọ onífọ́tò, mo yọ atẹ̀wé tí a kò bá ṣe mọ́, mo dé fódà Bàbá. Orúkọ méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ti àkọ́bí wọn àti ti nọ́ọ̀sì ọmọ Ìyá Kékeré. Mo ti fẹ́ yọ wọ́n nígbà tí mo rí i pé fódà àwòrán náà wúwo ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì náà ti ń ju àwòrán síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá. Ọ̀kan lóṣù kan, méjì lóṣù tó tẹ̀ lé e. Fọ́tò àtijọ́ ni gbogbo wọn, ó fi fóònù ya wọ́n, o lè rí òjìji ọwọ́ rẹ̀ lẹ́bàá àwọn mìíràn. Bàbá lórí alùpùpù. Bàbá pẹ̀lú ọmọdébìnrin kan léjìká. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ju èyí tó gbẹ̀yìn.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn: "Ẹ káàsán mà. Fódà Bàbá ṣì wà lórúkọ iléeṣẹ́ wa o, mo ń palẹ̀ mọ́ ni. Ṣé kí n kó o lé yín lọ́wọ́?"

Ìdáhùn dé lálẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ti kó wa kúrò nínú ilé. Ibẹ̀ nìkan ni orúkọ mi àti tiwọn ṣì jọ wà."

Mo yọ Camel, Hyena àti Capybara, ìyẹn línkì àtijọ́ yẹn, tí mo gbàgbé láti tì pátápátá láti 2022. Orúkọ méjì náà ṣì wà.